Ta ló ní kí wọ́n má gé igi ńlá wọ̀nyí mọ́? Ìrìn wa sí Sequoia àti ìtàn àwọn igbó ọba Amẹ́ríkà

Àkànní Fresno kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé Fresno ní California. Ojoojúmọ́ ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń dárúkọ Sequoia, igbó igi ńlá tí ìjọba ń dáàbò bò, sí mi létí, àmọ́ Sátidé tó kọjá yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ sínú mọ́tò, tí a gba ọ̀nà òkè lọ. A ti padà délé o, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní General Sherman. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 84. Ìdí rẹ̀ nílẹ̀ fẹ̀ tó mítà 11 láti ìhà kan dé ìkejì. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ìsẹ́yìn á jókòó sínú ìdí igi yẹn dáadáa. Wọ́n ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Àwọn igi mìíràn wà tó ga jù ú lọ, àmọ́ tí a bá wo bí ara igi ṣe pọ̀ tó lódindi, kò sí igi kan ṣoṣo láyé tó tóbi tó o.

Wọ́n ti fi ọgbà yí ìyẹn ká, èèyàn ò lè dé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ èèpo ọ̀kan, ó wọlé díẹ̀, ó sì padà bíi kànìnkànìn. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bí iyẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà oko. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, gbé etí lé e, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bóyá ó ń mí. Ó pẹ́ níbẹ̀, mi ò sì lè ní kó kúrò.

Kí a tó dé ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé, Big Stump ni wọ́n ń pè é, kùkùté ló kún ibẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n gé ní 1891, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan nígbà náà. Wọ́n bẹ́ abala kan lára rẹ̀ lọ sí New York, wọ́n gbé òmíràn lọ sí London, kí àwọn ará ibẹ̀ lè gbà pé irú igi bẹ́ẹ̀ wà.

Ìbéèrè mi nìyí. Ta ló ní kí wọ́n jáwọ́? Ìjọba tó ń fi ìbọn gba ilẹ̀ kiri nígbà yẹn, kí ló mú un sọ pé ibí yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀? Ìkejì: mo rí pátákó kan nípa ọ̀gá ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú kan tó wá la ọ̀nà síbẹ̀ ní 1903. Àwọn ọmọ ti ń fà mí láṣọ, mi ò kà á tán. Ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Tísà Ọ̀yọ́ kọ:

Àkànní, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo fi ọdún mẹ́tàlélógún kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìbéèrè yìí ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n bi mí.

Kùkùté gan-an wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1852, ọdẹ kan tó ń lé béárì já sáàárín irú igi wọ̀nyí ní Calaveras, ní California níbẹ̀. Ní 1853 àwọn kan lọ gé èyí tó tóbi jù. Kò sí ayùn tó gùn tó ìdí rẹ̀, nítorí náà ìlu ńlá ni wọ́n fi ń lu ihò sí i lára, ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, títí wọ́n fi yí i ká. Ọkùnrin márùn-ún, ọjọ́ méjìlélógún. Wọ́n bó èèpo rẹ̀ lọ fi pawó ìran, wọ́n sì sọ kùkùté rẹ̀ di ibi ijó. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ ló bínú.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1864, tí ogun abẹ́lé wọn ṣì ń jà lọ́wọ́, Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin kan. Òfin náà kó àfonífojì Yosemite àti igbó igi ńlá Mariposa lé ìpínlẹ̀ California lọ́wọ́, pé kó máa tọ́jú wọn fún gbogbo èèyàn títí ayé, kó má ṣe tà wọ́n. Igi yín wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣòfin náà.

Yellowstone ló tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọdẹ ti ń sọ pé omi ń hó jáde láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì ń pè wọ́n ní òpùrọ́. Ní 1871 Ferdinand Hayden kó àwọn onímọ̀ lọ wò ó. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó mú ayàwòrán kan, Thomas Moran, àti ayafọ́tò kan, William Henry Jackson, dání. Àwọn aṣòfin tó kà á sí irọ́ wá fojú ara wọn rí fọ́tò, kò sí ẹni tó lè jiyàn mọ́. Wyoming, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà wà, kò tíì di ìpínlẹ̀. Kò sí ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n lè kó o fún bí wọ́n ṣe kó Yosemite fún California, ni ìjọba àpapọ̀ bá dì í mú fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1872 ni Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí i. National Park àkọ́kọ́ láyé nìyẹn. Sequoia tí ẹ lọ di ọ̀kan ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1890, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Yosemite fi di tirẹ̀.

Nílé níbí, ilẹ̀ tí ìjọba bá ní kí ẹnikẹ́ni má dá oko sí, igbó ọba là ń pè é. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé igbó ọba ni National Park, àmọ́ èyí tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú máa wọ̀ wá wò.

Ìyá Ẹniọlá kọ:

Ẹ̀gbọ́n Tísà, ẹ ṣeun gan-an ni. Salt Lake City là ń gbé, a sì lọ sí Yellowstone lọ́dún tó kọjá nígbà tí màmá mi wá kí wa láti Òṣogbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibẹ̀ díẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa, bí ẹyin tó ti bà jẹ́. Ọkọ mi páàkì, ó ṣí iwájú mọ́tò, ó rò pé nǹkan ló jóná. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Èéfín ń jáde káàkiri pápá bí ìgbà tí gbogbo ilé lábúlé bá dáná lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà fún àwọn tó ń wòran, nítorí ojú ilẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́pẹ́ lórí omi tó ń hó. Àwọn tó yà kúrò lórí pákó ti bómi kú níbẹ̀ rí.

Ní ìdí Old Faithful, ihò kan tí omi gbígbóná máa ń tú sókè láti inú rẹ̀, a jókòó pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Wọ́n kọ àkókò tó máa tú sórí pátákó, pé ó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá, ó sì lè fi mẹ́wàá pẹ́. Ó kọ́kọ́ ń tutọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó dákẹ́. Ó tún tu. Gbogbo èèyàn ti ń gbé fóònù sókè, wọ́n tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àfi gbàrà tó gbéra! Omi funfun gùnkè, ó ń gùn ún lọ, ó fi ilé alájà mẹ́wàá sílẹ̀ nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé èéfín rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún wa. Màmá mi dìde dúró, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kókìkí Ẹlẹ́dàá lóhùn rara. Òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò gbọ́ Yorùbá o, àmọ́ omijé ń bọ́ lójú òun náà.

Èyí tí mi ò ní gbàgbé láéláé ni Grand Prismatic Spring. Adágún omi gbígbóná ni, ó fẹ̀ ju mítà 100 lọ. Àárín rẹ̀ dúdú mọ́ búlúù bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú rẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ etí, ó di àwọ̀ ewé, ó di yẹ́lò, ó di àwọ̀ ọsàn, etí rẹ̀ pátápátá wá pọ́n. Màmá mi tó ti pa aró rí nígbà èwe wọn wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹni tó pa aró yìí mọṣẹ́."

Ẹfọ̀n ló dí wa lọ́nà nígbà tí a ń bọ̀. Wákàtí kan gbáko ni mọ́tò fi tò lẹ́yìn wọn.

Ọmọ Èkìtì kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú ti Ìkọ́gòsì náà nìyẹn? Níbẹ̀, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn, èmi náà ti fi ẹsẹ̀ kan sí ìhín, ẹsẹ̀ kan sí ọ̀hún rí.

Tísà Ọ̀yọ́ kọ:

Ọmọ Èkìtì, wọ́n jọ jẹ́ omi tí ilẹ̀ gbé gbóná, àmọ́ ohun tó ń dáná nísàlẹ̀ yàtọ̀. Ti Ìkọ́gòsì lọ́ wọ́ọ́rọ́, èèyàn ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí òkè ayọnáyèéfín lábẹ́ rẹ̀. Ní Yellowstone, gbogbo ibẹ̀ lódindi ni òkè ayọnáyèéfín. Ìgbà tó bú ńlá gbẹ̀yìn, ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 640 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ sì rì wọlé síbi tó ti bú. Àpáta gbígbóná tó fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ kò tíì tutù.

Bí Old Faithful ṣe ń tú nìyí. Òjò àti yìnyín tó yọ́ ń rìn wọlẹ̀ títí á fi kan àpáta gbígbóná yẹn. Omi náà á gbóná kọjá ibi tó yẹ kó ti hó, ṣùgbọ́n kò ráyè hó, torí omi mìíràn wúwo lé e lórí, ọ̀nà àbájáde sì há. Ẹ wo ìkòkò tí a dé ní ọmọrí pinpin lórí iná. Nígbà tí díẹ̀ bá ti ta jáde lókè (itọ́ tí Ìyá Ẹniọlá rí nìyẹn), ẹrù tó wà lórí omi ìsàlẹ̀ fúyẹ́. Gbogbo rẹ̀ á wá di ooru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ti èyí tó wà lókè jáde. Tó bá tú tán, ihò náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbomi. Geyser ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ó sì lé ní ìdajì gbogbo èyí tó wà láyé tó jẹ́ pé Yellowstone ni wọ́n kóra jọ sí.

Adéọlá Láàbù kọ:

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Màmá Ẹniọlá nípa aró yẹn, torí iṣẹ́ mi wọ ibẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ló ń pọn etí omi náà, kálukú ní ibi tí ooru ti bá a lára mu.

Ní 1966 Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Hudson Freeze, rí ọ̀kan nínú omi gbígbóná Yellowstone. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó lè gbé nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Thermus aquaticus. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí èròjà tí a ń pè ní Taq. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ọ̀pá kékeré bọ̀ nímú nígbà Kòrónà, àyẹ̀wò PCR ni wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ yín. PCR ni ọgbọ́n tí a fi ń sọ DNA díẹ̀, ohun tó ń gbé àbùdá ohun ẹlẹ́mìí, di púpọ̀, Taq ló sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nínú rẹ̀ a máa ń gbé DNA gbóná débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, a ó mú un tutù, a ó tún gbé e gbóná, lọ́pọ̀ ìgbà. Èròjà mìíràn á ti kú ní ìgbà àkọ́kọ́. Taq ò kú, torí inú ooru ni ilé rẹ̀. Kary Mullis, tó gbé ọgbọ́n PCR kalẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993.

N'Ìbàdàn ni mo wà. Ike tó kéré ju ìka mi lọ ni Taq máa ń wà nínú rẹ̀ nínú fíríìsà wa. Tí wọn ò bá ti dá igbó yẹn sí ní 1872, tí wọ́n bá ti sọ adágún wọ̀nyẹn di ilé ìwẹ̀ olówó, bóyá ni ẹnikẹ́ni ì bá ti rí i. Ó máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá ń ṣí ike náà.

Adúmáradán kọ:

Ọ̀rọ̀ yín dùn ún kà, àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí nínú rẹ̀. Ẹ ní wọ́n "dá igbó sí", ẹ ní ìjọba "dì í mú fúnra rẹ̀". Lọ́wọ́ ta ni? Àfonífojì Yosemite ní onílé. Àwọn Ahwahneechee ló ń gbé ibẹ̀. Ní 1851, ọdún mẹ́tàlá ṣáájú òfin Lincoln, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Mariposa ya wọ ibẹ̀, wọ́n dáná sun ilé wọn àti èso igi tí wọ́n kó pamọ́ jẹ, wọ́n sì kó wọn kúrò. Nígbà tí wọ́n mú Tenaya, olórí wọn, wọ́n sọ fún un pé àwọn ti fi orúkọ rẹ̀ sọ adágún kan. Ó dá wọn lóhùn pé adágún náà ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Títí dòní, Tenaya Lake ló wà lórí máàpù.

Mi ò ní kí ẹ má gbádùn ẹwà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé igbó kìjikìji tí ẹsẹ̀ èèyàn ò dé rí ni wọ́n bá.

Tísà Ọ̀yọ́ kọ:

Adúmáradán, òótọ́ lẹ sọ, ó sì yẹ kí ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́. Ìdáhùn tí mo fún Àkànní kò pé láìsí i. Ní Yellowstone náà, àwọn Shoshone kan tí wọ́n ń pè ní Tukudika ló ń gbé orí òkè ibẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Grant fọwọ́ sí òfin, ní 1877, àwọn Nez Perce, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, sá gba àárín páàkì náà kọjá pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti àgbàlagbà, tí ṣọ́jà ń lé wọn bọ̀. Bí mo ṣe kọ́ ọ fáwọn ọmọ rèé fún ọdún mẹ́tàlélógún, mo máa ń fo ibẹ̀ nítorí ìwé wa kò mẹ́nu kàn án. Ó dùn mí pé mo fò ó.

Àbíkẹ́ Ohio kọ:

Àkànní, Ọlọ́run ló ní kí n wọlé lónìí. Ọ̀gá ṣọ́jà tí ẹ béèrè, Charles Young lorúkọ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ṣì wà ní Wilberforce, ní Ohio níbí, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Ààrẹ Obama sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 2013. Mo ti lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, ní Kentucky, ní 1864. Ọdún kan náà ni òfin Lincoln tí Ẹ̀gbọ́n Tísà sọ. Bàbá rẹ̀ sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà láti bá àwọn tó ń kẹ́rú jà. Ọmọ náà wá di aláwọ̀ dúdú kẹta tó jáde ní West Point, iléèwé àwọn ọ̀gá ṣọ́jà, ní 1889.

Nígbà yẹn kò tíì sí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn páàkì wọ̀nyí. 1916 ni wọ́n dá National Park Service sílẹ̀. Ṣọ́jà ni wọ́n ń rán lọ ṣọ́ igbó, àwọn ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Buffalo Soldiers sì wà lára wọn, ní Yosemite àti ní Sequoia. Ní 1903 wọ́n ní kí Kápútéènì Young kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ láti San Francisco lọ sí Sequoia. Òun ni ọ̀gá páàkì náà lọ́dún yẹn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá National Park kankan. Wọ́n ń lé darandaran tó ń kó àgùntàn wọgbó, wọ́n ń lé ọdẹ àti agégẹdú. Ẹ rò ó wò: aláwọ̀ dúdú lórí ẹṣin, ní 1903, tó ń sọ fún òyìnbó pé kó kó ẹran rẹ̀ jáde.

Ọ̀nà náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan, Kaweah Colony, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 1886 kí wọ́n lè máa kó gẹdú sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ di páàkì ní 1890, iṣẹ́ wọn dúró. Ṣọ́jà ń wá lọ́dọọdún, wọ́n ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ìgbà tí Young dé, ohun tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ju ti ọdún mẹ́ta tó ṣáájú lọ. Nínú oṣù kẹjọ, kẹ̀kẹ́ ẹṣin àkọ́kọ́ lè wọ Giant Forest, ibi tí General Sherman wà gan-an. Àkànní, ọ̀nà tí ẹ gbà kọ́ o. Generals Highway tí ẹ gbà, 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i dé Giant Forest, 1935 ni wọ́n sì parí èyí tó gba ọ̀nà tiyín wá. Ti Young ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ báyìí, ẹ ṣì lè rìn ín.

Inú àwọn ará agbègbè náà dùn débi pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ igi kan. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n fi ti Booker T. Washington, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tó lókìkí nígbà náà, sọ ọ́, pé tó bá ṣì wù wọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, kí wọ́n wá fi ti òun sọ òmíràn. Ọdún 2004 ni igi Colonel Young tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn wá. Ní 1917, nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, tó kù díẹ̀ kó di ọ̀gágun pátápátá, àwọn dókítà ológun ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì. Ní 1918 ó gun ẹṣin láti Wilberforce lọ sí Washington, nǹkan bí máìlì 500, kí wọ́n lè rí i pé ara òun le. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó dá a padà. Lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ sí Làìbéríà. Láti ibẹ̀ ló ti rìnrìn àjò dé Nàìjíríà, àìsàn kíndìnrín sì dá a dúbúlẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1922 ló kú, ní ọsibítù kan l'Ékòó.

Ìsàlẹ̀ Èkó kọ:

Àǹtí Àbíkẹ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èkó tiwa yìí? Èèyàn tó la ọ̀nà sí ìdí igi tí ọmọ Bọ̀dá Àkànní gbé etí lé, Èkó ló kú sí? Ibo ni wọ́n sin ín sí? Tí ibojì rẹ̀ bá ṣì wà, mo fẹ́ lọ síbẹ̀ ní Sọ́ńdè.

Àbíkẹ́ Ohio kọ:

Kò sí níbẹ̀ mọ́, àbúrò mi. Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí lóòótọ́, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní gbogbo ẹ̀yẹ. Àmọ́ wọ́n wú u padà sílé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1923 ni wọ́n sin ín sí Arlington, itẹ́ òkú àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọdún kan tó fi sùn nínú ilẹ̀ Èkó. Ní 2022 ni wọ́n wá fún un ní oyè ọ̀gágun tí wọ́n fi dù ú, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Awakọ̀ Tírélà kọ:

Ọ̀rọ̀ Young yìí mú mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí n lè kà á tán. Ọ̀nà I-40 ni mo ń ná, Oklahoma sí California. Mo ti yà wo Grand Canyon, àfonífojì ńlá tó wà ní Arizona, nígbà méjì. Ààrẹ Theodore Roosevelt ló sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1908, ó di National Park ní 1919.

Kò sí òkè tó ń kìlọ̀ fún yín pé ẹ ti ń sún mọ́ ọn. Ilẹ̀ tẹ́jú, igi páínì ń kọjá lọ, ni ilẹ̀ bá tán lójijì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 446, ó jìn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ. Odò Colorado tó wà nísàlẹ̀ dà bí fọ́nrán òwú láti òkè, òwú yẹn ló sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún sí mẹ́fà ọdún gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn àpáta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bílíọ̀nù méjì ọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ gbọ́ mi o: ìsọ̀kalẹ̀ rọrùn, ìgòkè ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Ẹ gbé omi púpọ̀, ẹ má sì dán odò wò ní àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára tí wọ́n ń gbé gòkè.

Àkànní Fresno kọ:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan ni mo bi, ẹ kó odidi ilé fún mi. Àǹtí Àbíkẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ka ti Young sí ìyàwó mi létí lálẹ́ àná, àwọn ọmọ ò sì jẹ́ ká sùn, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ọ̀rọ̀ Adúmáradán rán mi létí ohun tí ẹ̀ṣọ́ igbó kan sọ fún wa níbẹ̀. Ó fi èso igi náà hàn wá, kò ju ẹyin adìẹ lọ. Hóró inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó kéré ju èékánná ọmọ mi lọ. Èso náà lè wà lórí igi fún ogún ọdún láìlà. Ooru iná ló ń mú kó gbẹ, kó là, kí hóró dà sórí eérú. Èèpo tó nípọn bí ìgbọ̀nwọ́ ni iná kì í fi í pa ìyá wọn. Àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ mọ èyí, wọ́n máa ń fi iná kékeré sun abẹ́ igbó. Àwọn tó lé wọn kúrò wá ń pa gbogbo iná tó bá ti ràn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Igi kéékèèké kò hù mọ́, igi gbígbẹ ń pọ̀ nílẹ̀. Àárín ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wọn sun ún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí iná ńlá wá dé ní 2020 àti 2021, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn igi ńlá náà ló kú. Wọ́n fi bébà onírin tí iná kì í mú wé ìdí General Sherman bí ẹni wé aṣọ mọ́ ọmọ ìkókó. Ó yè é.

Bàbá mi ní Ìsẹ́yìn máa ń sun etí oko wọn kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má baà bá koríko gbígbẹ níbẹ̀. Mo dúró níwájú ẹ̀ṣọ́ yẹn, bàbá mi ni mò ń rí.

Tó bá di ìparí oṣù yìí, a ń padà lọ. Ọ̀nà tí Young là la fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, ibi tí agbára àwọn ọmọ bá gbé e dé. Lẹ́yìn náà a ó wá igi Colonel Young lọ. Ìsàlẹ̀ Èkó, fọ́tò rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìsàlẹ̀ Èkó kọ:

Mò ń retí rẹ̀, Bọ̀dá Àkànní. Tí ọmọ yẹn bá tún gbé etí lé igi náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó sọ fún un pé Èkó ń kí i.